Òkun Inú Àgbàlá Alágbàfọ̀

Akéde dojú bolẹ̀ gbalaja nínú àgbàlá ìyá rẹ̀, àyà aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti rin gbingbin. Ó gbé fóònù sísàlẹ̀ débi pé etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó di ojú òsì, ó ń fi ojú ọ̀tún wò ó.

"Sún bàtà yẹn síwájú díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó tó! Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Jẹ́jẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀, yọwọ́ kúrò. Bàtà ọmọdé kan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, pupa fòò, ń léfòó lórí omi tí kò fẹ̀ ju ọpọ́n ìfọṣọ méjì lọ. Kì í ṣe omi òjò rárá. Alágbàfọ̀ ni ìyá Akéde, omi tó fi ṣan aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló dà sílẹ̀, tó sì dárogún síbi tó rẹlẹ̀ díẹ̀ nínú àgbàlá. Bàtà yẹn náà, inú àpò aṣọ ìdọ̀tí oníbàárà kan ló ti jábọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fóònù yàtọ̀. Nínú fóònù, omi lọ salalu, kò lópin. Òjìji ògiri tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dà bí òrùlé ilé tó ti rì dé ọrùn. Bàtà pupa yẹn sì dá wà láàárín gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ tó ni ín kò ní padà wá wọ̀ ọ́ mọ́.

"Wá wò ó," Akéde sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Jẹ́jẹ́ lóṣòó tì í, èjìká àwọn méjèèjì sì kanra. Lọ́jọ́ mìíràn, ìkanra kékeré bẹ́ẹ̀ ì bá mú kí àyà Akéde máa lù kìkì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lọ́jọ́ yìí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

"Ó rẹwà," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Irọ́ tó rẹwà ni."

"Irọ́ bí i ti báwo? Ṣé omi kọ́ nìyẹn?"

"Omi ọṣẹ ni."

"Ọṣẹ ń hàn nínú ẹ̀ ni?"

"Akéde."

"Kí ni? Ṣé omi ò wọlé wa lọ́dún tó kọjá ni? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ náà ni mò ń fi hàn. Mo kàn ń tún un yà ni."

Jẹ́jẹ́ kò fèsì. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ìdí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nìyẹn pẹ̀lú. Ọmọ káfíńtà tó wà ní kọ́nà ni, kíláàsì kan náà ni òun àti Akéde wà, ọdún tí wọn yóò jáde ni wọ́n sì wà yìí. Ní ti Akéde, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti ń gbé ìyarun sẹ́nu bíi makirofóònù, tó ń ka ìròyìn ẹni tó jà àti ẹni tó bímọ fún gbogbo ojúlé, lorúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí nǹkan mìíràn tó wù ú láyé ju kí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì dídán yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ sórí ìròyìn wa."

Àǹfààní ọ̀hún sì ti dé. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú ń wá ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tí yóò máa ka abala àwọn ọ̀dọ́ nínú ìròyìn Sátidé fún odindi ọdún kan. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kí oníkálukú fi ránṣẹ́, lórí bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà ládùúgbò rẹ̀.

Ta ló wá mọ̀ ọ́n ju àwọn lọ? Ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú ìlú ni àdúgbò wọn wà, létí odò. Òjò tí àwọn àgbà ní ó máa ń pín ara rẹ̀ sí oṣù méjì tẹ́lẹ̀, ọ̀sán kan péré ló fi ń rọ̀ báyìí. Ọ̀gbẹlẹ̀ á gùn títí ilẹ̀ á fi là, òjò á wá dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Lọ́dún tó kọjá, omi dé ojú fèrèsé. Àwọn oníròyìn wá. Ìyá arúgbó kan tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ti jáde síbi gbígbẹ, ó ti nu ara rẹ̀, wọ́n ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó padà sínú omi kí ó tún sunkún, nítorí pé kámẹ́rà kò tíì ṣí nígbà tó kọ́kọ́ sun ún. Ìyá yẹn padà. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ti dárúkọ ojú ọjọ́, àwòrán ìyá yẹn ni wọ́n ń gbé síta.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ò sì dára jù wọ́n lọ. Fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, iná àti èéfín ni, pẹ̀lú orin arò àti ìkìlọ̀ pé ayé ti parí. Ẹni tó bá wò ó tán, á kàn mí kanlẹ̀, á lọ sùn.

Nítorí náà ni Akéde àti Jẹ́jẹ́ ṣe kọ́kọ́ pinnu pé àwọn yóò fi nǹkan mìíràn hàn. Bàbá Bíríkìlà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ti kó gbogbo àdúgbò jọ lẹ́yìn omíyalé yẹn. Sátidé kan kò yẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń fi dígà àti ṣọ́bìrì wa gọ́tà ńlá láti òkè àdúgbò títí wọ odò. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Wọn ò gbọdọ̀ má wà á, torí káńsù ti kìlọ̀: bí omi bá tún fi lè wọlé lọ́dún yìí, gbogbo wọn ni yóò kó kúrò, katakata á sì wá wó àwọn ilé náà. Gọ́tà yẹn ni Akéde àti Jẹ́jẹ́ yà. Ọwọ́ tó ti bó, ọmọ kékeré tó ń fi agolo gbé iyẹ̀pẹ̀, Bàbá Bíríkìlà tó ń fi okùn wọn ilẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, olóòtú ìròyìn fúnra rẹ̀ pe Akéde lórí fóònù. Ohùn obìnrin náà dùn bí oyin.

"Ọmọ mi, o mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ohùn ẹ dára gan-an. Ṣùgbọ́n gọ́tà ni mo rí. Ta ló fẹ́ jókòó wo gọ́tà nílé ẹ̀? Omi dà? Ẹkún dà? Fi ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n ju rìmóòtù sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó tó di Ẹtì. Ìwọ àti ẹnì kan ló kù."

Ìdí nìyí tí Akéde fi dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ọṣẹ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

"Yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹ̀," Jẹ́jẹ́ sọ nígbà tó dìde. Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ó dáa. Tí mo bá dórí tẹlifíṣọ̀n, má wá sọ pé o mọ̀ mí o."

Ó rò pé Jẹ́jẹ́ yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Akéde bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, ó wá gbé e mì, ó sì bá ẹnu ọ̀nà lọ.

* * *

Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù ìlọṣọ ìyá Akéde kún dẹ́mú. Àwọn aládùúgbò jókòó sórí bẹ́ńṣì, sórí ọpọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà lábẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìròyìn. Wọ́n ti pe Akéde láàárọ̀ pé òun ni wọ́n mú. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ, títí kan ẹni tó kàn béèrè ọ̀nà.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀!"

Ohùn Akéde jáde látinú tẹlifíṣọ̀n, ó ń dún kedere.

"Ọmọ mi nìyẹn!" ìyá rẹ̀ ké. "Ẹ gbọ́hùn ọmọ mi!"

Wọ́n rí gọ́tà. Wọ́n rí Bàbá Bíríkìlà pẹ̀lú okùn rẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni. Lẹ́yìn náà, bàtà pupa yẹn gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n, òkun salalu lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà pé: GỌ́TÀ KÒ GBÀ WỌ́N. Akàròyìn fi ohùn tó rọ̀ sọ pé omi tún ti ya wọ àdúgbò etí odò lọ́sẹ̀ yìí, láìka gbogbo làálàá àwọn ará ibẹ̀ sí.

Akéde kò kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Omi ló fi ránṣẹ́, àwọn ló fi ọ̀rọ̀ sí i.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́. Bàbá Bíríkìlà yí ojú láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì.

"Ìgbà wo lomi ya wọ ibí?" ló béèrè. "Ṣé mo sùn ni?"

"Bàtà yẹn," ni ìyá Akéde sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣebí bàtà tó wà lórí pẹpẹ mi nìyẹn?"

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu ọkùnrin yẹn mú ju abẹ tó fi ń fárí lọ. "Mo ti ń sọ fún yín! Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí ẹ ń gbé kiri yìí, àwọn oníròyìn ló ń jókòó hùmọ̀ ẹ̀. Ẹ wá wòkun alágbàfọ̀! Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù!"

Ẹ̀rín yẹn ló dun Akéde jù lọ. Ó mọ̀ pé láti òní lọ, bí òun bá sọ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ń gùn sí i, tàbí pé odò ń ga sí i, bàtà pupa ni wọn yóò fi dá òun lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn oníbàárà wá kó aṣọ wọn, èyí tí wọn ò tíì fọ̀ pàápàá. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n fi omi ẹ̀gbin fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òṣìṣẹ́ káńsù kan wá lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí gbogbo wọn kó jáde kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Ìdí: omi tún ti wọlé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ìlú ṣe rí i.

Akéde ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta lójú ògiri. Lẹ́yìn náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìyá rẹ̀ àti Bàbá Bíríkìlà wà.

"Màmi, Bàbá, èmi ni. Omi ìṣanṣọ ni mo yà."

Ìyá rẹ̀ kò dá áyọ́ọ̀nù dúró. Ó ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ẹyọ kan tó kù lórí tábìlì.

"Ta ló bá ẹ ṣe é?"

"Èmi nìkan ni, Màmi."

"Ilé tí mo bí ẹ sí," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò parí rẹ̀. Omi kan jábọ́ lójú rẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́ kíá kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Akéde kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Màá tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n màá tún un ṣe."

Bàbá Bíríkìlà wo ọmọ náà pẹ́. Kò bínú, èyí sì burú ju ìbínú lọ. "Ọdún méjìlélógójì ni mo fi mọ ilé," ló sọ. "Ìgbà mẹ́ta ni mo mọ ògiri tó wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan, mo fi ọ̀dà bò ó, ó wó lu ọmọṣẹ́ mi. Èyí tó kù, mo fọwọ́ ara mi wó o níṣojú ẹni tó ni ín. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mo tún un mọ. Dìde ńlẹ̀, Akéde. Lọ wó tìrẹ."

* * *

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tutù bí inú fíríìjì. Obìnrin tó wà níbi ìgbàlejò wo bàtà eléruku Akéde kó tó wo ojú rẹ̀.

"Olóòtú wà nípàdé."

"Màá dúró mà."

"Ìpàdé yẹn á pẹ́ o."

"Kò burú mà. Mo jáde ilé-ẹ̀kọ́, mi ò nílé tí mo ń kánjú lọ." Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ.

Ó dúró títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́rú, ó padà wá, ìpàdé yẹn ò tíì parí. Nígbà tí olóòtú fi máa jáde, ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lọ, ó kàn gbọ́wọ́ sókè sí Akéde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Akéde sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé géètì. Ọlọ́dẹ ní, "Ọmọ dáadáa, lọ sílé. Àwọn èèyàn yìí kì í sọ pé àwọn ṣìṣe."

"Èmi ni mo ṣìṣe, sà. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́."

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó dé, ẹnì kan ti jókòó sórí àga rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyá Akéde lọ̀, ó sì mú fóònù rẹ̀ dání.

Láti ọjọ́ bàtà pupa, wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Akéde dúró síbẹ̀ bí igi.

"Màmi sọ fún mi pé o ní ìwọ nìkan lo ṣe é," Jẹ́jẹ́ sọ. "Ta ló sún bàtà?"

"Mi ò fẹ́ kó o bá mi rì."

"Jókòó, jàre." Ó na fóònù sí i. "Wo èyí."

Fídíò ni. Akéde rí ara rẹ̀: ó dojú bolẹ̀, ó di ojú òsì, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ létí ẹnu. Omi kékeré yẹn wà níwájú rẹ̀, àwọn ọpọ́n ìfọṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Gbogbo ẹ̀tàn ọjọ́ náà hàn kedere bí ọ̀sán.

"O ya mí? Kí ló dé tó o fi yà mí?"

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. "Kì í ṣe torí omi," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Bó o ṣe máa ń di ojú yẹn ni. Mo kàn fẹ́ràn ẹ̀."

Àyà Akéde ṣe kì, ó tún ṣe kì. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ burúkú yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohun dídùn kan fọwọ́ kàn án. Ó jókòó tì í, wọ́n sì jọ dúró.

Olóòtú jáde ní aago mẹ́rin. Nígbà tó rí àwọn méjèèjì, ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé Sátidé yìí lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni? Kí lo tún ń wá?"

"Mà, omi ò wọ àdúgbò wa. Mo purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí."

Olóòtú wo fídíò náà ní ìdúró. Ó tún un wò. Ojú rẹ̀ le.

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń béèrè? Tó o bá jókòó síwájú kámẹ́rà yẹn, o sọ pé o tan ìlú jẹ, iṣẹ́ Sátidé ti lọ nìyẹn. Ojú ẹ ni wọ́n máa rí. Níbikíbi tó o bá ti fẹ́ ṣiṣẹ́ oníròyìn, ẹnì kan á rántí."

"Mo mọ̀ mà."

"O lè dákẹ́. Á lọ sílẹ̀ láàárín oṣù kan."

"Ọjọ́ méjìlá ló kù nínú èyí tí wọ́n fún wa, mà. Kò pé oṣù kan." Akéde kò kúrò níwájú rẹ̀. "Tí ẹ ò bá gbé mi síbẹ̀ lónìí, màá padà wá lọ́la. Tó bá di ọ̀la, tí ẹ ò gbà, màá wá lọ́túnla. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó ilé wa, ibí ni màá máa gbé."

Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín sínú. Olóòtú kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó o mú omi wá," ló sọ. "Èmi náà ni mo ní kí ìyá yẹn padà sínú omi lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé báyẹn làwọn èèyàn á ṣe bìkítà." Ó gbé awò padà sójú. "Ẹ wọlé. Ipa tiwa, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́."

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, olóòtú kọ́kọ́ yọjú, ó sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Akéde síta. Tábìlì dídán yẹn ló jókòó tì. Tíréè tíì kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n bu omi sí. Jẹ́jẹ́ gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀: òkun. Ó gbé e sókè: tíréè.

"Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn," ni Akéde wí. "Omi ò wọ àdúgbò wa lọ́dún yìí. Gọ́tà táwọn èèyàn wa fi oṣù mẹ́jọ wà ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀, torí mo fẹ́ jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. Ojú ọjọ́ ń yí padà lóòótọ́. Lọ́dún tó kọjá, omi dé fèrèsé wa, kò sẹ́ni tó hùmọ̀ ìyẹn. Ẹ má torí irọ́ mi sọ òótọ́ nù. Mo bẹ káńsù, ẹ wá fojú ara yín wò ó."

Kò sunkún. Ó ti pinnu pé kò sẹ́ni tí yóò tún rí ẹkún wọn lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn.

* * *

Ẹnjiníà káńsù dé ní ọ̀sán Sátidé pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, wọ́n wọ bàtà rọ́bà. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lòjò dé. Kì í ṣe òjò kékeré. Irú rẹ̀ tó rọ̀ lọ́dún tó kọjá náà ni, ó ń dà bí ẹni ń tú agbada.

Gbogbo àdúgbò jáde sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Bíríkìlà dúró létí gọ́tà láìní agboòrùn, ó ń wo omi bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń kọ́ ìrìn. Omi ru gùdù wá láti òkè, ó kún, ó ga sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ku ìka mẹ́ta kó dé ẹnu gọ́tà. Ó ku méjì. Ó dúró síbẹ̀. Ó ń ṣàn lọ sódò pẹ̀lú ariwo ńlá.

Ìyá Akéde gbá Bàbá Bíríkìlà mọ́ra tomitomi. Ẹnjiníà ń kọ̀wé lábẹ́ agboòrùn, ó ń mi orí. Ó pa ìwé dé.

"Mo ti rí i," ló wí. "Ó gbà á."

Akéde wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ wò ó padà. Àwọn méjèèjì ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kọjá nínú òjò yìí, wọ́n sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní kọ́nà yẹn, gọ́tà fún, omi sì ń bú jáde.

Onígbàjámọ̀ náà mọ̀. Ó sún mọ́ Akéde, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í. "Akéde, mo bẹ̀ ọ́," ló sọ sí i létí. "Fún ọjọ́ kan ṣoṣo láyé ẹ, panu dé. Ilé tèmi náà wà níbẹ̀."

Ẹnjiníà ti ń lọ síbi ọkọ̀. Bí òun bá dákẹ́, ilé wà. Bí òun bá sọ̀rọ̀, bóyá ilé ti lọ nìyẹn, ọwọ́ òun ni yóò sì ti lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú òjò.

"Sà!" ló ké. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tíì rí gbogbo ẹ̀."

Ẹnjiníà dúró, ó yíjú padà.

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Omi ti wọ inú ibẹ̀, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, fùlùfúlù igi ń léfòó káàkiri. Bàbá Jẹ́jẹ́ ti gbé àwọn pákó rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹnjiníà wọ inú omi, ó na igi ìwọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na èjì, ó na ẹ̀ta. Ó kọ̀wé. Ó tún kọ̀wé.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kó o mú mi wá síbí?" ló béèrè.

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ibẹ̀ ló ti ń jò."

Ọkùnrin náà nu òjò kúrò lójú. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ibi tó dáa ni gbogbo ayé ń mú mi lọ. Èmi ni mo máa ń fúnra mi wá ibi tó ń jò, ìgbà tí mo bá sì fi máa rí i, ilé ti wó." Ó yíjú sí Bàbá Bíríkìlà. "Bàbá, kọ́nà yìí ló fún. Tí a bá fẹ̀ ẹ́, tí a ri páìpù kọnkéré ńlá kan síbẹ̀, á gbà á. Mo máa bá káńsù sọ ọ́ pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ kíkó jáde dúró títí òjò ọdún yìí á fi tán. Páìpù wà nílé ìkó-nǹkan-sí wa. Ilẹ̀ wíwà ńkọ́?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa," ni Bàbá Bíríkìlà dáhùn.

"Mi ò sọ pé ó ti parí o. Tí omi bá wọlé lẹ́yìn páìpù, ìwé yẹn ṣì dúró."

"A ti gbọ́, sà."

Onígbàjámọ̀ mí èémí tó ti há mọ́ ọn láyà. "Ọmọ yìí á pa mí," ló wí. "Ẹ bá mi wá ṣọ́bìrì."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ káńsù já páìpù sílẹ̀ ní kọ́nà. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, ọmọbìnrin mìíràn jókòó sẹ́yìn tábìlì dídán lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sórí ìròyìn wa." Akéde gbọ́ ohùn rẹ̀ láti fèrèsé ẹnì kan. Ó dùn ún. Kò sí ìdí láti sọ pé kò dùn ún. Ṣùgbọ́n ó wà nínú kòtò dé orókùn, okùn páìpù wà léjìká rẹ̀, èèyàn méjìlá ló sì jọ ń fà á.

"Ṣé kí n yà á?" Jẹ́jẹ́ béèrè láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Fà á ná. A ó yà á tó bá ti jókòó. Kó o sì ya ibi tó wọ́ náà."

Wọ́n fà á. Páìpù náà yí díẹ̀, ó dúró, ó tún yí. Bí o bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ, tí o sì fẹ́ sọ fún ayé pé ojú ọjọ́ ń yí padà, sọ ọ́. Sọ omi tó wọlé, sọ iṣẹ́ táwọn èèyàn ṣe sí i, sọ ibi tó ṣì ń jò. Òótọ́ nìkan ló lè mú kí ẹnikẹ́ni wá bá ọ fa okùn.